Wọ́n Kọ̀ Wá ní Accelerator, Ṣé Ká Pàtẹ Iṣẹ́ Wa Síta Báyìí?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀ (accelerator ni ètò tó máa ń fún ilé iṣẹ́ tuntun lówó àti ìmọ̀ràn, freelancer sì ni ẹni tó ń gba iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lọ́wọ́ oríṣiríṣi oníbàárà):

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ kọ sọ́fítíwíà kan fún àwọn freelancer, ó ń bá wọn rán oníbàárà létí owó iṣẹ́ tí wọn ò tíì san. A kọ fọ́ọ̀mù sí accelerator ńlá kan, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ímeèlì dé pé wọn ò mú wa, ìlà mẹ́rin péré, wọn ò sọ ìdí. Mo wá ń rí àwọn míì tí wọ́n kọ̀ bíi tiwa, wọ́n ń gbé iṣẹ́ wọn síta, wọ́n á ní wọ́n kọ̀ wá o, ẹ wo nǹkan tá à ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ní káwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹni tó lówó jù wá lọ á rí i, á ṣe tiẹ̀. Ṣé ká gbé e síta ni àbí ká dákẹ́ títí a ó fi tún fọ́ọ̀mù míì kọ?"

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, bá mi kí ọ̀rẹ́ ẹ náà. Mo mọ bí ímeèlì yẹn ṣe máa ń ṣe èèyàn, mo ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì rí, ìkejì wọlé nígbà tí mo jókòó síwájú oníbàárà kan, ẹnu ẹni yẹn ni mo ṣáà ń wò, mi ò gbọ́ ọ̀kankan nínú nǹkan tó ń sọ. Torí náà mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o má jẹ́ kó dùn ẹ́, ó máa dùn ẹ́. Àmọ́ ìdáhùn ìbéèrè ẹ ò le: ẹ gbé e síta, kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbé e síta ni mo fẹ́ ká jọ sọ dáadáa, torí ìdí yẹn ló máa sọ ẹni tẹ́ ẹ máa fi hàn àti nǹkan tẹ́ ẹ máa bi í. Ìlà mẹ́rin yẹn ò kọ́ yín ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín, ẹ wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa kọ́ yín. Ìyẹn nìkan ni ìdí tó dáa. Tó bá jẹ́ ìtùnú lẹ ń wá, ẹ máa rí i, kò sì ní ṣe sọ́fítíwíà yín láǹfààní.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ètò kan ka fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ wọlé. Fọ́ọ̀mù bí ogójì ló máa wà níwájú mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ti ṣiṣẹ́ oòjọ́ mi tán kí n tó jókòó tì í, tí mo bá wá ka ìlà méjì àkọ́kọ́ tí mi ò mọ nǹkan tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe gan-an, ọkàn mi á ti máa lọ sórí èyí tó kàn. Ẹgbẹ́ kan wà tí mo ní kí wọ́n má mú, wọ́n kọ gbólóhùn gígùn kan nípa bí àwọn ṣe ń so àwọn onímọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó nílò wọn, mo rò pé nǹkan tí gbogbo èèyàn ti ṣe sú wọn ni. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà mo bá a lórí fóònù obìnrin kan tó ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tayọ̀tayọ̀, nǹkan gidi ni, ó kàn jẹ́ pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ lórí ìwé ni. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ká tiẹ̀ ní kò rẹ ẹni tó ń kà á rárá, ìṣirò ẹ̀ gan-an ò gbè yín. Nígbà tí Y Combinator, accelerator kan tó gbajúmọ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ẹgbẹ́ 8 ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ní abala ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, fọ́ọ̀mù tó wọlé lé ní 27,000, àwọn tí wọ́n mú jẹ́ nǹkan bíi 260, kò tiẹ̀ tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ń fi owó ńlá ṣe é pàápàá máa ń ṣì í mú. Bessemer, ilé iṣẹ́ olùdókòwò tó ti pẹ́ gan-an ní Amẹ́ríkà, kọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ sórí wẹ́bùsáìtì ara wọn kí gbogbo ayé lè rí i, Google wà níbẹ̀, Facebook wà níbẹ̀, Airbnb wà níbẹ̀, FedEx ni wọ́n kọ̀ nígbà 7. Má wá gbọ́ èyí kó o sọ pé áà, iṣẹ́ tiwa náà dáa nìyẹn. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó lè dáa, ó lè má dáa, nǹkan tí mò ń sọ ni pé ímeèlì yẹn ò lè sọ èyí tó jẹ́ fún ẹ.

Ẹni tí mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tó bá bi mí nírú ìbéèrè yìí ni Drew Houston tó dá Dropbox sílẹ̀. Y Combinator ti kọ̀ ọ́ rí, nígbà tó gbé iṣẹ́ kan tó ń múra àwọn ọmọ ilé ìwé sílẹ̀ fún SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, lọ. Nígbà tó máa padà lọ, Dropbox ló gbé dání, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí fáìlì èèyàn wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ẹ̀, kò wá jókòó máa retí ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2007 ó ṣe fídíò kékeré kan, ó fi hàn nínú ẹ̀ bí fáìlì ṣe ń bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kejì fúnra ẹ̀, ó gbé e sí Hacker News níbi tí àwọn tó mọ kọ́ọ̀dù máa ń pé sí, ó sì kọ ọ́ sí orí ẹ̀ pé kí wọ́n lọ ju USB wọn nù. Paul Graham tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀ rí i, ó ní kó lọ wá ẹnìkejì tí wọ́n á jọ ṣe é, ó wá Arash Ferdowsi, wọ́n sì mú wọn lọ́dún yẹn.

Lára àwọn tó fèsì sí fídíò yẹn, ẹnì kan ní kí ló wà níbẹ̀, pé ẹni tó bá ń lo Linux lè fi FTP àti SVN, àwọn irinṣẹ́ tí àwọn tó mọ kọ́ọ̀dù ń lò, to irú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi ẹni yẹn rẹ́rìn-ín títí di ìsinsìnyí, èmi ò rò pé ó yẹ, torí pé èsì tó wúlò ni. Ẹni tó bá lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ tò ó ò lè rí ìdí tó fi máa sanwó fún un, òun kọ́ ni ọjà náà wà fún, ìwọ tó ń tà á gbọ́dọ̀ tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó o lè mọ ẹni tí wàá kọjú sí. Ní 2008 ẹ̀wẹ̀, Houston ṣe fídíò míì, ti Digg, wẹ́bùsáìtì tí àwọn èèyàn ti ń dìbò fún ìròyìn tó wù wọ́n, ló ṣe é fún lọ́tẹ̀ yìí, ó kó àwọn ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí àwọn ará Digg mọ̀ láàárín ara wọn sínú ẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan àwọn tó ń dúró de Dropbox fò láti 5,000 sí 75,000. Wò ó dáadáa, iṣẹ́ kan náà ni, àwùjọ méjì ni, bó ṣe pàtẹ ẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ kọ́ ló ṣe pàtẹ ẹ̀ fún ìkejì.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn tẹ́ ẹ jọ gba ímeèlì yẹn. Inú wọn dáa, wọ́n mọ bó ṣe ń dunni, tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ yín síwájú wọn wọ́n á ní ó dáa gan-an, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má jáwọ́ o, ẹ̀yin náà á lọ wo tiwọn, ẹ̀ẹ́ ní ó dáa gan-an. Gbogbo yín á sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹnì kankan nínú yín tó máa mọ nǹkan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹfààní tó wà lọ́dọ̀ wọn ò ju bíi mélòó kan lọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ sì dúpẹ́: wọ́n lè bá yín ṣí i lórí oríṣiríṣi fóònù kí wọ́n sọ ibi tó ti ń fọ́, wọ́n lè ka gbólóhùn àkọ́kọ́ yín kí wọ́n sọ fún yín nǹkan tí wọ́n rò pé ẹ̀ ń tà, ẹ sì lè bá ẹni tẹ́ ẹ máa jọ ṣiṣẹ́ pàdé níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tiyín tún ní oríire kan nínú o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá startup, ìyẹn ilé iṣẹ́ tuntun, sílẹ̀ ló ń ṣe freelance lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè rówó gbé e ró, àwọn náà ní oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó. Ẹ mú àwọn yẹn jáde láàárín wọn, ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ni kẹ́ ẹ fi gbogbo ọkàn gbọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ síbi tí àwọn tó ń yàwòrán, àwọn tó ń túmọ̀ èdè, àwọn tó ń kọ wẹ́bùsáìtì fún èèyàn ti máa ń ṣàròyé owó láàárín ara wọn, ibẹ̀ gan-an lọjà yín wà.

Ti bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀, mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí lógò àti àwọ̀ bọ́tìnnì, tí gbólóhùn àkọ́kọ́ wọn ò sì yé ẹnì kankan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ̀ ń yí ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ òde òní ń gbà bójú tó ìṣúnná owó wọn padà, mo ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé "ó ń bá freelancer rán oníbàárà létí owó iṣẹ́ títí owó á fi wọlé," ẹni tí wọ́n ti jẹ lówó oṣù méjì á dúró, kò tiẹ̀ ní wo lógò yín. Ẹ jẹ́ kó lè fọwọ́ kàn án láìṣí pé ó kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì, ẹ fi ínfọ́ìsì (ìwé owó iṣẹ́) àfiṣàpẹẹrẹ kan síbẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ kó rí ìránnilétí tó máa jáde, kó ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà tí kò fẹ́ pàdánù. Torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọjà yín wà o, kì í ṣe nínú kọ́ọ̀dù, ẹni tí wọ́n jẹ lówó ń bẹ̀rù kí oníbàárà má bínú, tí ọ̀rọ̀ inú ímeèlì yẹn bá le jù kò ní fi ránṣẹ́, tó bá sì rọ̀ jù owó ò ní wọlé.

Ẹ má bi wọ́n pé kí lẹ rò, ẹni tẹ́ ẹ bá bi báyẹn á yìn yín kó lè máa lọ. Ẹ ní kó sọ bó ṣe ṣe é nígbà tí oníbàárà jẹ ẹ́ lówó kẹ́yìn, kí ló kọ, ẹ̀ẹ̀melòó ló kọ ọ́, ọjọ́ mélòó kówó tó wọlé, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tí ẹnì kan bá wá ní òun fẹ́ lò ó, ẹ má fi lìǹkì ránṣẹ́ sí i kẹ́ ẹ máa retí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò Collison tó dá Stripe sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn wẹ́bùsáìtì gba owó, tí èèyàn bá ti gbà pé òun máa dán an wò, wọ́n á ní kó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá, wọ́n á tò ó sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ pè é lórí fídíò, ẹ máa wò ó bó ṣe ń fi ínfọ́ìsì ẹ̀ gidi sínú ẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ rí ibi tó ti ń dúró tó ń wojú yín.

Ó kan ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ pé wọ́n á jí i. Mi ò ní sọ pé kì í ṣẹlẹ̀. Kọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ kọ, tiyín ni látìgbà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́, àdéhùn Berne tó ti wà láti 1886 ló fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù láyé, ẹ ò nílò láti fi orúkọ sílẹ̀ níbì kankan kó tó jẹ́ tiyín. Èrò inú ẹ̀ nìkan ni òfin yẹn ò dáàbò bò, pé ká máa rán èèyàn létí gbèsè. Ṣé èrò yẹn wá jẹ́ àṣírí lóòótọ́? Gbogbo ẹni tó ń ta sọ́fítíwíà ínfọ́ìsì ló mọ̀ ọ́n. Nǹkan tí wọn ò mọ̀ ni ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ogún èèyàn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó tì, ẹni tó fẹ́ jí ìyẹn á ní láti lọ jókòó tì wọ́n bíi tiyín. Nǹkan kan ni mo fẹ́ sọ fún ẹlòmíì tó bá ń ka èyí, tó jẹ́ pé ọgbọ́n iṣẹ́ tuntun kan wà nínú tiẹ̀ tó fẹ́ gba patent lé lórí, ìyẹn ìwé òfin tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe irú ẹ̀ láìgbàṣẹ: dúró ná. Ní Amẹ́ríkà, òfin fún ẹni tó ṣe é ní ọdún 1 lẹ́yìn tó bá ti fi han aráyé kó fi lọ fi ìwé sílẹ̀, àmọ́ lábẹ́ àdéhùn patent ti Yúróòpù kò sí ààyè bẹ́ẹ̀, nǹkan tó o bá ti fi han gbogbo èèyàn kó o tó fìwé sílẹ̀ ò ní jẹ́ tuntun mọ́ lójú wọn. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, fídíò ìṣẹ́jú méjì náà rí bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kàn lọ ra orúkọ wẹ́bùsáìtì yín kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹ̀ níta, ó parí.

Nǹkan tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ju olè èrò lọ ni ẹni tó máa wọlé láti ba nǹkan jẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa fi kọ́ọ̀dù sí GitHub, wẹ́bùsáìtì tí àwọn èèyàn ń kó kọ́ọ̀dù sí, kí gbogbo ayé rí i, ẹ wò ó bóyá ẹ ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ API (kóòdù àṣírí tí sọ́fítíwíà yín fi ń wọ iṣẹ́ ẹlòmíì) tàbí pásíwọ́ọ̀dù sínú ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́ lónìí ó ṣì wà nínú ìtàn git, àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tẹ́ ẹ ti ṣe, kẹ́ ẹ pa kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an kẹ́ ẹ gba òmíràn. Àtipé sọ́fítíwíà tiyín ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ rò ó wò, oníjìbìtì kan lè ṣí àkáǹtì lọ́fẹ̀ẹ́ kó fi máa rán ínfọ́ìsì irọ́ sí ẹgbẹ̀rún èèyàn, orúkọ yín ló sì máa wà lórí ẹ̀. Láti oṣù kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti le mọ́ àwọn tó ń fi ímeèlì tó pọ̀ ránṣẹ́, SPF, DKIM àti DMARC, ètò tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ ẹni náà ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, gbọ́dọ̀ pé fún wọn, àwọn tó ń sọ pé spam (ímeèlì tí wọn ò fẹ́) ni ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Tí orúkọ wẹ́bùsáìtì yín bá bà jẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìránnilétí àwọn oníbàárà yín tòótọ́ á máa bọ́ sínú spam, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n, wọ́n á kàn ní sọ́fítíwíà yín ò ṣiṣẹ́. Àkáǹtì tuntun ò gbọ́dọ̀ lè rán ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lójúmọ́ títí ẹ ó fi mọ ẹni náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó gbé e síta, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

O ní ojú ń tì ẹ́. Èmi ò rí ìdí tó fi jẹ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ló yẹ kó wà lórí iṣẹ́ yín. Ní 2008 àwọn tó dá Airbnb sílẹ̀ bá olùdókòwò 7 sọ̀rọ̀, wọ́n ń wá 150,000 dọ́là, wọ́n sì ṣe tán láti fún wọn ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ náà, àwọn 5 ní rárá, àwọn 2 ò tiẹ̀ fèsì. Ọdún 2015 ni Brian Chesky tó gbé àwọn lẹ́tà yẹn síta, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ Airbnb. Nígbà yẹn ó ti di ìtàn. Ní 2008 gan-an, ẹni tó ń wá yàrá tó máa sùn sí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú olùdókòwò tó ní rárá. Bákan náà, freelancer tí wọ́n jẹ lówó ò bìkítà bóyá accelerator mú yín àbí kò mú yín, ẹ má fi í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa kà. Tí ẹnì kan bá bi yín, ẹ sọ òótọ́ ní gbólóhùn kan, kẹ́ ẹ padà sórí iṣẹ́. Ẹ má sì bú àwọn tó kọ̀ yín níta, torí àwọn kan náà ló ṣeé ṣe kó tún ka fọ́ọ̀mù yín lọ́jọ́ iwájú.

Tó bá wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà méje tí àwọn èèyàn ti ń lò ó, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí Sean Ellis, ẹni tó mọ̀ nípa bí startup ṣe ń rí oníbàárà, fi hàn àwọn èèyàn: tí nǹkan yìí bá kúrò lọ́wọ́ yín lọ́la, báwo ló ṣe máa rí lára yín? Ìwọ̀n tiẹ̀ ni pé tí àwọn tó ní ó máa dùn wọ́n gan-an bá tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ti di nǹkan gidi kan mú. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò tó láti fi ṣe ìṣirò tó dúró, mo mọ̀, àmọ́ ẹ ka nǹkan tí àwọn tó máa dùn gan-an yẹn kọ, ẹ wo irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ẹ lè bá a pé àwọn tó ń túmọ̀ èdè nìkan ni. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn, àwọn ni kẹ́ ẹ máa ṣe é fún ná.

Ní ti fọ́ọ̀mù míì, ẹ kọ ọ́ tó bá yá, Y Combinator fúnra wọn ń pe àwọn tí wọ́n kọ̀ pé kí wọ́n padà wá, láti 2025 sì rèé ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń mú èèyàn wọlé. Ẹ má kàn tún àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe kó lè dùn létí. Èmi tí mo ti ka fọ́ọ̀mù rí, nǹkan tó máa ń jẹ́ kí n jókòó dáadáa ni kí ẹgbẹ́ kan tí mo ti rí tẹ́lẹ̀ padà wá pẹ̀lú nǹkan tí wọn ò mọ̀ nígbà yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ pé èèyàn mọ́kànlélógún ló ń lò ó, owó báyìí ló ti bá wọn wọlé, a rò pé tàwọn ayàwòrán la máa ṣe, a wá rí i pé àwọn atúmọ̀ èdè ló ń dúró. Tó bá sì jẹ́ pé nígbà yẹn owó àwọn oníbàárà ti ń gbé yín, ẹ jókòó bi ara yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ ẹ. 500,000 dọ́là ni Y Combinator ń fúnni báyìí, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ yín ni wọ́n máa gbà fún 125,000 àkọ́kọ́ nìkan, ìyókù dúró de iye tí olùdókòwò tó bá tẹ̀ lé e bá fi lé e. Mailchimp, sọ́fítíwíà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń rán ímeèlì sí oníbàárà, ò gba owó olùdókòwò kankan láti 2001 títí Intuit, ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà ìṣirò owó, fi rà á ní 2021 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe bíi tiwọn, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀nà náà wà.

Ẹ fi lìǹkì ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e síta. Iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn tí wọn ò tíì sanwó ẹ̀, mo ti kọ ìránnilétí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ínfọ́ìsì yẹn ni mo máa fi sínú ẹ̀.